Ọmọ Tí Kò Lè Pe Àgbà Ní Òpùrọ́

“Dìde! Ìyìọlá, dìde kí aṣọ tó rí ọ!”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Orúnkún ọmọ náà ti kan ilẹ̀ àpótí orí okùn tó ń gbé èrò gun òkè kí Àwẹ̀ró, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, tó nawọ́ gán an léjìká. Aṣọ funfun tó wà lọ́rùn Ìyìọlá ni gbogbo ọmọ tó bá ṣe Ìdánwò Ńlá gbọ́dọ̀ máa wọ̀ títí ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò fi gbà wọ́n, tàbí tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi kọ̀ wọ́n. Ìlà ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin ló wà láyà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta dúró ṣánṣán, wọ́n tutù bí ewé gbúre. Ìkẹrin pupa, ó kúrú bí ìrù ewúrẹ́. Bí orúnkún ṣe kan ilẹ̀, ìlà pupa náà ṣẹ́jú, ó fà sẹ́yìn.

“Ogójì,” ni aṣọ wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn.

“Ó ti mú ọ̀kan lọ,” ni Àwẹ̀ró wí. “Mọ́kànlélógójì la fi kúrò nílé. Ìkúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti mú ọ̀kan lọ!”

“Ẹ má bínú, mà. N ò ráyè rò ó. Ìyá Sìfáwù ni mo rí.”

Ìyá Sìfáwù fúnra rẹ̀ wà lórí ìjókòó níwájú wọn, ó ń fi etí aṣọ nu ojú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Aládùúgbò wọn ni, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.

“Ọmọ dáadáa,” ló wí. “Orúnkún tí o kún fún mi yìí, Ọlọ́run á san án fún ọ, torí ilé-ẹ̀kọ́ ò ní san án. Àwẹ̀ró, ìwọ lo fà á o. O kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ àkọ́jù. Tèmi rèé.” Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Sìfáwù, kí ìyá.”

“Kí ni n ó kí wọn fún? Ṣé wọ́n kí mi?”

“Ẹ gbọ́ ọ bí?” Inú Ìyá Sìfáwù dùn débi pé ó wo gbogbo èrò inú àpótí lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. “Láàárọ̀ yìí, ó ní ọbẹ̀ mi dà bí omi ìfọwọ́. Mo bu ẹran méjì kún tirẹ̀. Àádọ́rùn-ún ló gbà ní Ìjiyàn!”

“Ìṣirò rẹ̀ ńkọ́?”

“Ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe ìṣirò.”

“Tèmi gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ní Ìṣirò,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ó gba márùndínlọ́gọ́rùn-ún ní Ìwé Kíkà. Ìwòye, mo ti gbàgbé iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ rí i bó ṣe ń tàn. Ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó o wò ó bí kò bá ga ju ti ọmọ rẹ lọ fíìfíì.”

“Ro ó pọ̀! Àwẹ̀ró, ayé àtijọ́ lo ṣì wà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ní pákó mẹ́rin, tí mẹ́ta dára tí ọ̀kan lu, ṣé pákó lo máa jókòó máa rò pọ̀ títí omi á fi mu ọ́ dé ọrùn?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Àpótí dúró ní òkè kejì, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò wà, Ìyá Sìfáwù sì sọ̀kalẹ̀ tòun ti ọmọ rẹ̀ tí kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. Ojú fèrèsé ló kọ sí. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, omi tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n sá tí ẹnì kan ò padà wá ká. Ìsàlẹ̀-Ọ̀sà wà lábẹ́ rẹ̀, ilé tí wọ́n bí Àwẹ̀ró sí wà lábẹ́ rẹ̀, ilé tó bímọ sí náà wà níbẹ̀. Ṣóńṣó orí mọ́ṣáláṣí ńlá nìkan ló ṣì yọ, àwọn ẹyẹ lékeléke ló ń gbé e báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún ni Ìlẹ̀kùn-Omi wà, odi irin tó gùn láti òkè kan dé òkè kejì, èyí tí kò jẹ́ kí òkun wá gba èyí tó kù.

Ta ni kò mọ ìtàn ọjọ́ náà? Bàbá arúgbó kan tí í ṣe Olórí Ìlẹ̀kùn nígbà yẹn ló ní kí wọ́n má tì í, pé omi yóò padà sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó yí i ká ń wò ó lójú ẹ̀rọ pé omi ò padà, ó ń bọ̀. Wọ́n dákẹ́. Bàbá ni. Ta ni yóò wo ojú bàbá kó sọ pé irọ́ ni? Ọ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́, Ìbídùn, ọmọ Àwẹ̀ró. Bàbá lé e jáde. Ìbídùn sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí àgbá kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ìlẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ yí i. Ó rí apá kan tì kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àyè tí apá kan yẹn fún ìlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gun òkè. Òun ò gun òkè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlẹ̀kùn-Omi fi ẹ̀ka kẹrin, Ìjiyàn, kún ìdánwò, pé àwọn ò gba ọmọ tí kò bá lè já irọ́ lẹ́nu àgbà mọ́.

Àwẹ̀ró sì ti fi tirẹ̀ kún ìtọ́jú ọmọ. Ìyìọlá ò tíì dá rìn nígbà náà. “Ẹnu ló pa ìyá rẹ,” ni Àwẹ̀ró ń sọ fún un bó ṣe ń dàgbà. “Ọ̀rọ̀ tó bá dé ẹnu rẹ, gbé e mì.” Ọmọ náà sì ń gbé e mì. Àfi ìgbà tó gba fọ́ọ̀mù ìdánwò, tí wọ́n ní kó mú ilé-ẹ̀kọ́ kan, tó ní ti ìyá òun lòun ń lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni kò gbé e mì.

“Mà,” ni Ìyìọlá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, “bí mi ò bá yege, ṣé inú yín máa bà jẹ́?”

Àwẹ̀ró ń wo omi. “Kí ló dé tí inú mi ò ní bà jẹ́?” ló wí, ṣùgbọ́n kò yíjú sí i.

*

Ọkùnrin tó pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìlẹ̀kùn-Omi ń jẹ́ Kúforíjì, òun ló ń bójú tó ẹ̀ka kẹrin. Ó fa ìjókòó fún Àwẹ̀ró, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan há a létí bí ẹni ń fi yẹtí sétí ìyàwó.

“Ẹ kú ìrìn, mà. Báyìí ló ṣe máa rí. Ìlẹ̀kẹ̀ yìí yóò sọ irọ́ kan sí yín létí. Ẹ̀yin ni ẹ óò fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún ọmọ, ẹ óò sì gbè é lẹ́sẹ̀ bí òtítọ́. Òun ni yóò já a níṣojú yín.”

“Ẹ ní kí n parọ́ fún ọmọ mi?”

“Òfin ni, mà.”

“Nígbà tèmi, àgbà tó bá parọ́ fún ọmọdé, ewú orí rẹ̀ la máa ń bú.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lójú rẹ̀. “Ẹ ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣẹ́jú sí i, bí ẹ bá ní ‘sọ̀rọ̀’ tàbí ‘dìde’, ìlẹ̀kẹ̀ yóò ké, ó parí nìyẹn.”

“Kí ló dé tí ẹ ò lo ohùn ẹ̀rọ tí ẹ lò fún un níjọ́sí?”

“Ohùn ẹ̀rọ la kọ́kọ́ fi dán an wò, mọ́kànlélógójì ló gbà, mà. Ó ń pe ẹ̀rọ ní ‘bàbá’. Ẹni tó bá sì bẹ̀bẹ̀ fún ìgbà kejì, ohùn ilé rẹ̀ la fi ń dán an wò. Àwọn òbí mìíràn ti ń kọ́ ọmọ láti máa bú ẹ̀rọ. Ìyẹn rọrùn. Lọ́jọ́ tí omi bá tún dé, kì í ṣe ẹ̀rọ ni yóò dí wọn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ni.”

“Bí kò bá wá tó àádọ́rin tí ẹ ń béèrè?”

“A kì í ṣe é nígbà kẹta, mà.”

“Pẹ̀lú mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún yẹn náà?”

“Bó jẹ́ ọgọ́rùn-ún.” Kúforíjì wo ilẹ̀. “Gbogbo àwọn tó dúró ti bàbá lọ́jọ́ yẹn ló mọ ìṣirò.”



Wọ́n mú Ìyìọlá wọlé, wọ́n dá a dúró ní ọ̀ọ́kán rẹ̀. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Aago kan wà lára ògiri, omi ló ń ro nínú rẹ̀ láti òkè sísàlẹ̀; bí omi bá tán, ìdánwò tán. Ọmọ náà fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó wolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kó máa dúró níwájú àgbà. Àwẹ̀ró wo ìdúró náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀ rí, bó bá rí i, orí rẹ̀ a wú.

Ìlẹ̀kẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ó tún un sọ pé, “Ìgbàkígbà tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ké, òjò ń rọ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀lọ́ ló ń fa òjò.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Ìyìọlá wí. Ó dúró bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu àgbà. Kò kù. “Bóyá... bóyá ọ̀pọ̀lọ́ kàn tètè ń gbọ́ òórùn òjò ni, mà. Bóyá.”

Ìlà pupa gùn díẹ̀. “Mẹ́rìnlélógójì.”

Ìlẹ̀kẹ̀ tún sọ̀rọ̀. “Ìyá mi ń fín aáṣáà,” ni Àwẹ̀ró wí, “ó sì gbó kó tó kú. Nítorí náà, aáṣáà ní í fún èèyàn ní ẹ̀mí gígùn.”

Ètè Ìyìọlá mì. Ẹ̀rín ló fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀yin ò fín aáṣáà rí, mà, ẹ sì ti gbó.”

“Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!” ni aṣọ wí. Kúforíjì gbé orí sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, n ò sọ pé ẹ purọ́ o,” ni ọmọ náà yára fi kún un. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú.”

Ìlà náà wálẹ̀. “Méjìdínláàádọ́ta.”

Àwẹ̀ró di apá ìjókòó mú. Ọ̀rọ̀ wà lọ́mọ yìí nínú! Ó wà níbẹ̀, ó pé, ó mú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá yọrí, òun fúnra rẹ̀ a tún tì í padà. Omi inú aago ti kọjá ìdajì.

Ìlẹ̀kẹ̀ sọ irọ́ kẹta. “Ẹni tó bá tako àgbà, ikú ara rẹ̀ ló ń wá. Ẹ fi ẹni tí ẹ mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ.”

Àwẹ̀ró ò lanu.

“Mà?” ni Kúforíjì wí. “Ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó gbọ́. Ohun tí kò yé e ni bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ irọ́? Ọ̀rọ̀ tó fi tọ́ ọmọ dàgbà ni wọ́n dá padà sí i létí yìí, tí wọ́n ní irọ́ ni.

Ó lè mú àpẹẹrẹ mìíràn. Ó lè ní ọmọ kan wà láyé àtijọ́ tó tako bàbá rẹ̀ tí kìnnìún pa á jẹ. Ìyìọlá yóò ní ẹ ṣé mà, omi inú aago yóò tán, wọn yóò padà sílé. Kò sẹ́ni tí yóò dá òun lẹ́bi. Ọmọ náà yóò gba iṣẹ́ kan lórí òkè níhìn-ín, yóò lọ́kọ, yóò máa kúnlẹ̀ kí èèyàn, yóò wà láàyè. Kò ní dúró nídìí Ìlẹ̀kùn-Omi láéláé. Àwẹ̀ró á sì kú kó tó sin ọmọ mìíràn. Kí ló tún kù tí arúgbó ń tọrọ?

Ó wo ọmọ náà. Ìyìọlá ṣì wolẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti ń mì. Báyìí gan-an ni èjìká Ìbídùn ṣe máa ń mì bí ọ̀rọ̀ bá kún inú rẹ̀. Ìbídùn kì í gbé e mì ní tirẹ̀.

Ó wá yé e pé bí ọmọ yìí bá dé ilé pẹ̀lú ìlà pupa yẹn, òun ni yóò máa pa á díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láìsí omi kankan.

“Ẹni tó bá tako àgbà,” ni Àwẹ̀ró wí, “ikú ara rẹ̀ ló ń wá. Ìyá rẹ tako àgbà. Ìyá rẹ kú. Ẹnu rẹ̀ ló pa á.”

Ìyìọlá gbé ojú sókè. Ó wo Àwẹ̀ró tààrà, ohun tí kò ṣe rí.

“Mà?”

“Ìyá rẹ ò gbọ́n. Ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dákẹ́. Ó yẹ kó fi wọ́n kọ́gbọ́n.”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Ìbá dákẹ́, kì bá tí kú.”

“Rárá.”

Ọ̀rọ̀ náà kéré. Ó bọ́ bí eyín ọmọdé ṣe ń bọ́. “Mọ́kànlélọ́gọ́ta,” ni aṣọ wí.

“Ta lò ń dá lóhùn?” ni Àwẹ̀ró bi í, ó le mọ́ ọn.

“Ẹ̀yin ni, mà. Irọ́ ni. Irọ́ ni, mà! Àwọn tó dákẹ́ ńkọ́? Gbogbo wọn ló kú. Bàbá tí wọ́n dákẹ́ fún náà kú. Omi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó sọ̀rọ̀ tàbí ó dákẹ́. Ìbá dákẹ́, ì bá kú bákan náà, ẹ̀yin náà ì bá kú lórí àtẹ̀gùn òkè, èmi náà ì bá kú lẹ́yìn yín níbi tí ẹ pọ̀n mí sí! Ẹnu rẹ̀ kọ́ ló pa á. Ẹnu rẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ ráyè jókòó síbí máa bú u!”

Aṣọ ń ka nǹkan, ẹnì kan ò gbọ́ ọ. Ìlà kẹrin ti gun àyà ọmọ náà, ó ti yí àwọ̀ padà. “Mẹ́rìnléláàádọ́rin,” ni Kúforíjì wí kẹ́lẹ́.

Nígbà náà ni Ìyìọlá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. “Ẹ dárí jì mí, mà,” ló wí, ó sì wó lulẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

“Mẹ́tàléláàádọ́rin.”

Omi ṣì kù nínú aago. Àwẹ̀ró ti lanu láti pariwo ọ̀rọ̀ tó pariwo láàárọ̀, ó rántí ìlẹ̀kẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní ‘dìde’. Ó fi eyín di ahọ́n mú.

“Ẹ dárí jì mí. Ẹ dárí jì mí, mà.”

“Méjìléláàádọ́rin.”

Kúforíjì dìde kúrò lórí ìjókòó tirẹ̀, ó tún jókòó. Kò sí ohun tí òun náà lè ṣe. Omi ń ro, ó ku bí ẹnu ife kan. Kí ni wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún arúgbó láti sọ nínú yàrá yìí? Irọ́. Irọ́ nìkan.

“Kúkú wà níbẹ̀,” ni Àwẹ̀ró wí, omi ti kún ojú rẹ̀. “Orúnkún nìkan ni ìwọ mọ̀. Ìbídùn ò bí ẹni tó lè dúró.”

Ìlẹ̀kẹ̀ gbọ̀n létí rẹ̀. Ó gbọ̀n pẹ́. Kò ké.

“Mọ́kànléláàádọ́rin.”

Ìyìọlá wò ó láti ilẹ̀. Ó wo omi tó wà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ kan yọ, ó fa èkejì, ó sì dìde dúró ṣánṣán níwájú ìyá-ìyá rẹ̀.

“Ó bí i, mà,” ló wí.

Omi tán nínú aago.

*

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èrò kún inú àpótí orí okùn, ìjókòó kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Aṣọ Ìyìọlá ń tàn láyà rẹ̀, ìlà mẹ́rin, mẹ́ta gùn, ìkẹrin fi díẹ̀ ju ibi tí wọ́n ní kó dé lọ. Ọkùnrin kan tí kò mọ̀ wọ́n rí kí wọn kú oríire. Àwẹ̀ró mi orí. Nísàlẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn Ìlẹ̀kùn-Omi, irin rẹ̀ pọ́n bí epo.

“Ẹ jókòó, mà,” ni Ìyìọlá wí.

“Fi mí sílẹ̀. Kò rẹ̀ mí.”

Ọmọ náà wò ó. Ó wo ọwọ́ tó fi rọ̀ mọ́ irin, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Irọ́ ni, mà. Ó rẹ̀ yín.”

Èrò inú àpótí yíjú sí wọn, wọ́n ń dúró de ohun tí arúgbó yóò sọ. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Àwẹ̀ró. Ó gbé e mì, ó sì jókòó.